Ọjà Ìṣẹ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Alàgbà Solomon ki ọwọ́ bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fọwọ́ tọ́ òkè, ó fọwọ́ tọ́ ìsàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fojú wá inú rẹ̀ dé gbogbo igun. Nígbà tó yíjú padà sí wa, ojú rẹ̀ ti rí bí ojú ẹni tí wọ́n da eérú sí.

"Kò sí níbẹ̀," ó ní.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé náà kún dẹ́nu ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Ọyẹ́ ti mú kí ọ̀fun gbogbo wa gbẹ, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò wúkọ́. Felicia, tó ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn tó sì ń léwájú àwọn akọrin, ló kọ́kọ́ lọgun.

"Yéè! Àpòòwé tí gbogbo wa fojú rí? Àpòòwé tí wọ́n fi ìda dì?"

Ní ìparí ọdún 1957 ni, ní Ìkẹ́rẹ́. Èmi Pius Afọláyan, Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n mo ti lo ọdún mẹ́jọ nígbà náà nídìí iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ìwakùsà kan ní Jọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, ayò àwọn òyìnbó, tí ọba, ayaba, ẹṣin àti ilé-ìṣọ́ ti ń bá ara wọn jagun lórí pátákó. Nígbà tí àwọn tíṣà Ìkẹ́rẹ́ kọ̀wé sí àwọn ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì ní Èkó, Ìbàdàn àti Jọ́ọ̀sì pé, "Ẹ wá ta ṣẹ́ẹ̀sì, kí ẹ sì wo ilẹ̀ wa," inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n fi mí joyè. Mo mú ọ̀rẹ́ mi Oyèbámijí dání. Ọmọ Yorùbá ni Oyè, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, kò tí ì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Èkìtì rí. Aago àti rédíò ló ń tún ṣe ní ilé-iṣẹ́ wa. Òun ló dúró tì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi.

Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ni a dé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n fi lọ́rí gbé wa lọ wo ìlú Emùré. Láti Ọjọ́rú ni a ti ń ta ayò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ẹni méjì ló kù: Oyè ọ̀rẹ́ mi, àti Tíṣà Matthew Ajíbádé ti Ìkẹ́rẹ́ níbí, tí èmi àti rẹ̀ jọ kàwé nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ṣú bá wọn, ayò kò tán. Òfin ṣẹ́ẹ̀sì ni pé ẹni tó kàn láti ta yóò kọ ohun tó fẹ́ ta sínú ìwé, wọn yóò dì í sínú àpòòwé, kò sì ní sí ẹni tí yóò rí i títí wọn yóò fi padà jókòó. Matthew ló kàn. Ó kọ ọ́, wọ́n fi ìda dì í, wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù títí di ọjọ́ Ajé.

Matthew fúnra rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà wà lọ́rùn.

Alàgbà Solomon ni alága ìdíje, òun náà ni aṣojú máníjà ilé-ìwé. Ó tẹjú mọ́ Matthew.

"Tíṣà, ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ yìí?"

"Èmi nìkan ni, sà."

"Kí lo kọ sínú ìwé náà?"

Matthew tẹrí ba. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Òfin ò gbà mí láyè láti sọ ọ́."

Ariwo ta. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ó ti mọ̀ pé òun kọ ìkọkúkọ, ló bá jí i gbé!" Òmíràn ní, "Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ wa ní òfin mẹ́wàá!" Mo wo Matthew, ó wò mí, n kò mọ ohun tí ojú mi sọ fún un. Oyè jókòó sí ìdí pátákó, ó ń mi orí pẹ̀lú ìbànújẹ́. Felicia na ọwọ́ sí aago ìdíje tí a fi ń ka àkókò ayò, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé kí òun gbé e kúrò kí èrò má fọ́ ọ. Ó mì í, ó gbé e sétí.

"Aago yìí náà ò ké mọ́ o!"

"Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí," Oyè ní. "Ọyẹ́ ló mú un. Èmi ó gbé e dé Jọ́ọ̀sì, n ó tún un ṣe."

Alàgbà ti mú kálàmù. "Èmi yóò kọ̀wé sí máníjà lónìí. Ẹni tó bá jí ìwé ara rẹ̀ gbé kò yẹ kó dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́rí ọ̀sán ni yóò gbé lẹ́tà náà lọ sí Adó."

Ìyá Matthew, Màmá Abọ́sẹ̀dé, jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn obìnrin. Oko kòkó ni obìnrin náà ti fi ọrùn ru owó ilé-ìwé ọmọ yìí. Kò sunkún, kò pariwo. Ó kàn tú gèlè, ó tún un wé, ó tún tú u.

Mi ò tíì rí i kí ojú ti ìyá báyẹn rí.

*

"Ẹ jẹ́ kí lọ́rí ọ̀sán dúró ná," ohùn kan sọ láti ẹnu ọ̀nà.

Bàbá Bámijókò ni. Ó ti ṣe sájẹ́ǹtì ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún ọdún méjìlélógún ní Èkó kó tó fẹ̀yìn tì wá sídìí kòkó. Oko ló ti ń bọ̀, ẹrẹ̀ gbígbẹ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àdá wà lábẹ́ apá, ó sì ń fi ọ̀bẹ kékeré bó ọsàn. Èèpo ọsàn náà gùn balẹ̀, kò já.

"Bàbá Sájẹ́ǹtì," Alàgbà ní, "ọ̀ràn ayò òyìnbó ni. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ta."

"Èmi ò mọ ayò. Olè ni mo mọ̀." Ó rìn lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò tilẹ̀ wo ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀gbẹ́ kejì ló tẹjú mọ́, níbi tí ìdè tó so ilẹ̀kùn mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù wà. "Pius, ọmọ Afọláyan, ojú tìrẹ ṣì ń dán. Wá wo súkúrù wọ̀nyí."

Mo wò wọ́n. Gbogbo irin kọ́bọ́ọ̀dù náà ti dípẹtà, ṣùgbọ́n orí súkúrù mẹ́rin tó wà nídìí ìdè ń dán bí owó tuntun. Wọ́n ti tú wọn, wọ́n sì ti dè wọ́n padà.

"Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn," Bámijókò ní, "kí ni yóò máa tú ìdè ilẹ̀kùn fún?"

"Kó lè dà bíi pé ẹlòmíràn ni!" Alàgbà dá a lóhùn kíá.

"Ó ṣeé ṣe. Ẹni tó gbọ́n bẹ́ẹ̀ ì bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní títú kí gbogbo ayé lè rí i. Eléyìí tún un dè." Ó ju awẹ́ ọsàn kan sẹ́nu. "Irin wo ni wọ́n fi tú u?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ irin náà. Nígbà tí aago ìdíje kọ́kọ́ dákẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, Oyè ló fi irin tín-ín-rín kan tún un ṣe. Orí tábìlì aago ló fi í sí láti ìgbà náà. Ẹnikẹ́ni lè mú un.

"Ó dáa. Ìgbà wo ni gbọ̀ngàn yìí ṣófo?"

Felicia dáhùn. Ẹnu obìnrin náà kò ní ìdádúró. "Bàbá, òru kì í ṣófo níbí, àwọn àlejò Ìbàdàn àti Èkó ń sùn síbí. Lánàá, a ṣe ìsìn níbí láti àárọ̀ títí alẹ́, torí wọ́n ń kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Tíṣà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún èmi àti Alàgbà láàárọ̀, a rí àpòòwé náà, ó tì í padà, a ti gbọ̀ngàn. Èmi ni mo padà wá gbálẹ̀ lọ́sàn-án, akọrin sì kún ibí títí ilẹ̀ fi ṣú."

"Àárọ̀ Àbámẹ́ta títí di ọ̀sán nìyẹn. Fèrèsé ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Kò ní ìkọ́ tí a lè fi tì í láti ọdún méjì, Bàbá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti sọ fún Alàgbà."

Alàgbà yíjú sí ibòmíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Alàgbà ti kó àwa àlejò lọ wo àpáta Olósùnta. A gun ibi tí wọ́n gbà wá láyè dé, a jókòó, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́, mo ń na ìka sí òrùlé ilé bàbá mi fún àwọn ará Èkó, inú mi ń dùn. Ẹni mẹ́ta péré ni kò bá wa lọ: Felicia tó wà nílé, Matthew tó ní òun ń lọ sóko, àti Oyè tó ní òun fẹ́ wo ọjà Ìṣẹ̀, ìlú tó wà nítòsí wa.

*

Bámijókò pe Matthew sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó ní kí èmi náà wá, kí n lè máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ayò fún òun.

"Oko wo lo lọ?"

"Oko ìyá mi, Bàbá."

"Ta ló rí ọ?"

"Kò sí."

"Kí lo ṣe níbẹ̀?"

"Mo jókòó."

"O jókòó!" Bámijókò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Èkìtì lọ sóko lásìkò kòkó, ó jókòó. Tíṣà, bóyá wọ́n ti fi ìwé kíkà bà ọ́ jẹ́. Kí ló ń dùn ọ́?"

Omi dé sójú Matthew, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré, tí olùkọ́ bá nà án, kì í sunkún. Mo sọ fún ara mi pé: Matthew ló ṣe é.

"Ìbéèrè kan péré," Bámijókò ní. "Ìwọ ń ta ayò, ìwọ náà lo ní kọ́kọ́rọ́ ìwé ayò. Ta ló fi irú ìyẹn lélẹ̀?"

"Oyèbámijí ni, Bàbá. Alàgbà fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ náà, Oyè ní rárá, òun fọkàn tán mi, kí n fi sọ́rùn. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un."

Èmi náà pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo tilẹ̀ fi ọ̀rẹ́ mi yangàn.

Bámijókò ní kí Matthew máa lọ. Ó dúró títí onítọ̀hún fi wọlé, ó wá kọjú sí mi.

"Ìwọ àti ará Jọ́ọ̀sì yìí jọ sùn nínú yàrá kan, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Nílé ẹ̀gbọ́n mi Beatrice."

"Nígbà tí ẹ dé ulé lọ́jọ́ Ẹtì, kí ló sọ?"

Ulé. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí àgbà pe ilé báyẹn. Bí ẹni pé bàbá mi tó ti kú ló ń bi mí ní ìbéèrè. Mo fẹ́ purọ́, mo fẹ́ sọ pé kò sọ nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọdún mẹ́fà ni a ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Ṣùgbọ́n mo rántí gèlè Màmá Abọ́sẹ̀dé.

"Ó to ayò náà sórí pátákó kékeré tó wà lápò rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Ó wá ní, 'Pius, tó bá jẹ́ ẹṣin ló kọ, mo ti kú.' Bàbá, òtítọ́ ni. Ẹṣin Matthew lè fò sí ojú kan tí yóò ti halẹ̀ mọ́ ọba àti ayaba Oyè lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ibi tí yóò sá gbà."

"Tí àpòòwé ò bá sí mọ́ ńkọ́?"

"Ẹni tó kọ ọ́, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni wọn yóò kà sí ẹni tó pàdánù."

"Tí ọ̀rẹ́ rẹ bá borí, kí ni yóò gbà?"

"Ọ̀gá wa ní Jọ́ọ̀sì ti ṣèlérí pé ẹni tó bá gba ife ìdíje yìí, òun yóò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó lọ kọ́ṣẹ́ ní ìlú òyìnbó."

Bámijókò ju èèpo ọsàn nù. Kò já láti orí dé ìdí.

"Ṣùgbọ́n Bàbá," mo sáré fi kún un, "Oyè lọ sí Ìṣẹ̀ lóòótọ́. Mo rí i nígbà tó dé. Eruku ọ̀nà Ìṣẹ̀ pọ́n lára rẹ̀ bí osùn, títí dé ìpéǹpéjú. Ó ròyìn ọjà náà fún wa nígbà tí a ń jẹun."

"Eruku kì í purọ́," ó ní. "Àmọ́ eruku kì í sọ ibi tí ọkọ̀ ti yí padà. Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó ń ròyìn?"

"Èmi, àti àwọn ará Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ bá wọn kọrin."

"Ìwọ, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, jókòó níbẹ̀, o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ilé tí òrùlé rẹ̀ ti jò.

"Ó dáa," ó ní. "Jẹ́ ká jọ lọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

*

Ó jókòó sórí àga Matthew níwájú pátákó ṣẹ́ẹ̀sì, ó tún ọsàn mìíràn bó, ó pín in sí awẹ́ awẹ́.

"Ará Jọ́ọ̀sì, ẹ kú ìrìn àjò o. Wọ́n ní ayò nìkan kọ́ lẹ wá ta, ẹ wá wòran pẹ̀lú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," Oyè ní. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn, bó ṣe máa ń dùn nígbà gbogbo. "Ẹni tó bá wá síbí tó jókòó sídìí pátákó láti àárọ̀ dé alẹ́, ó ti fi ara rẹ̀ ṣòfò."

Inú àwọn ènìyàn dùn sí i. Ẹnì kan ní, "Ọmọ dáadáa!"

"Wọ́n ní o lọ sí Ìṣẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

"Mo lọ wo ọjà, Bàbá. Èmi ò rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí."

"Ó kún?"

"Ó kún àkúnya! Èrò ń fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀."

"Uṣu ńkọ́?"

Èrò rẹ́rìn-ín nítorí bí bàbá náà ṣe pè é. Oyè bá wọn rẹ́rìn-ín. "Iṣu, Bàbá? Bí wọ́n bá to èyí tí mo rí jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Olósùnta."

Ẹ̀rín náà kò dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Mo kọ́kọ́ rò pé wọn kò gbọ́ ni. Mo yíjú wo bẹ́ǹṣì àwọn obìnrin. Màmá Abọ́sẹ̀dé ti gbé ọwọ́ òsì sókè, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ká ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò ó, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn.

"Àwọn aláṣọ ńkọ́?" Bámijókò bi í, jẹ́jẹ́.

"Wọ́n pọ̀, Bàbá. Abẹ́ igi ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ìyá kan tilẹ̀ fẹ́ fi aṣọ dì mí mú, ó ní kí n rà fún ìyàwó." Ó yẹ kí èrò rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Oyè fi ahọ́n lá ètè. "Mo ra orógùn kan fún Àǹtí Beatrice níbẹ̀. Àǹtí, ṣé ẹ ti fi ro nǹkan?"

Ẹ̀gbọ́n mi Beatrice dìde. Aṣọ ló ń tà, kò sí ọjà tí kì í ná láti Ìkẹ́rẹ́ dé Emùré. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Oyè," ó ní, "orógùn tí o fún mi, agbẹ́gilére tó wà lẹ́yìnkùlé wa ló gbẹ́ ẹ. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé ìtìjú ló mú ọ sọ pé Ìṣẹ̀ lo ti rà á."

"Ìyá aláṣọ," Bámijókò ní, "ìgbà wo lo ti ọjà Ìṣẹ̀ dé gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ Ajé tó kọjá, Bàbá. Ọjọ́ tí Pius kó wọn dé. Níbi tí mo ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni Oyè ti bi mí pé ọjà ọlọ́jọ́ mélòó ni. Mo ní ọjọ́ márùn-ún."

"Ìgbà wo ló tún bọ́ sí?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ dáhùn. Mo rí i lójú rẹ̀. Ọmọ tó ti ń gún iyán fún láti ọ̀sẹ̀ kan ni.

"Ọjọ́ Ẹtì ni, Bàbá. Èmi ò lè lọ, torí oúnjẹ tiwọn ni mò ń sè. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ sétí Pius nígbà tó wá bu omi, pé ọjà Ìṣẹ̀ òní ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ó sọ ọ́, mo ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," mo sì sá padà lọ sídìí ayò.

Oyè ti dìde dúró. "Àǹtí, ẹ ṣe sùúrù! Ẹ̀yin lẹ ní ọjọ́ márùn-ún! Láti Ajé sí Àbámẹ́ta, ṣé kì í ṣe ọjọ́ márùn-ún ni?"

Bámijókò to awẹ́ ọsàn sórí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú kan.

"Ní ọ́fíìsì yín ni ìyẹn, ọmọ mi. Níbí, ọjọ́ tí a bá dúró lé ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ajé, ọ̀kan. Ìṣẹ́gun, méjì. Ọjọ́rú, mẹ́ta. Ọjọ́bọ̀, mẹ́rin. Ẹtì." Ó fi awẹ́ karùn-ún lélẹ̀. "Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ewúrẹ́ nìkan ló ń sùn ní ọjà Ìṣẹ̀."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi.

"O gun ọkọ̀ lóòótọ́," Bámijókò ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "O wá eruku kún ara. Ìdajì ọ̀nà lo dé, o sọ̀ kalẹ̀, o dúró de ọkọ̀ tó ń padà bọ̀. Ká ní o dé Ìṣẹ̀ ni, wàá ti rí i pé ọjà ṣófo, irọ́ mìíràn ni ì bá wá sí ọ lẹ́nu. Pius, gbé aago yẹn wá."

Oyè na ọwọ́ sí aago náà kí n tó dé ibẹ̀. Ọwọ́ wa pàdé lórí rẹ̀. Ó wò mí lójú. N kò lè ṣàpèjúwe ìwò yẹn fún yín títí dòní. Ó fi í sílẹ̀.

"Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ tó ń ké," Bámijókò ní. "Lónìí kò ké. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, pé òun yóò gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì. Ayò yín ò yé mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé aago tí nǹkan bá há lọ́fun kì í ké."

Ó fi irin tín-ín-rín náà ṣí ẹ̀yìn aago. Àpòòwé náà wà níbẹ̀, wọ́n ká a mọ́ àárín àwọn eyín aago. Ìda pupa rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀, kò já.

Felicia tún lọgun, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

"Ohùn Àǹtí yìí ni mo gbọ́," Oyè sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó ń kọrin bọ̀. Mo ti de ilẹ̀kùn padà tán. Mo fẹ́ gbé e lọ sun, ṣùgbọ́n mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. N kò tí ì de ẹ̀yìn aago padà dáadáa láti Ọjọ́bọ̀. Mo ti àpòòwé bọ̀ ọ́, mo pa á dé, kí wọ́n má bàa bá a lára mi níta, mo gba fèrèsé jáde. Láti ìgbà náà, ẹ̀yin ènìyàn ò kúrò níbí mọ́."

"O ò ṣí i?" Bámijókò bi í.

"N kò ráyè."

*

Alàgbà Solomon já ìda náà níwájú gbogbo wa. Ó tú ìwé náà, ó kà á, ó sì wo Matthew. Ó tún un kà.

"Ilé-ìṣọ́ ni," ó ní. "Ó kọ ọ́ síbí pé kí ilé-ìṣọ́ wá síwájú ọba."

Àwọn tó mọ ayò náà dìde lórí bẹ́ǹṣì. Mo kó awẹ́ ọsàn kúrò lórí pátákó, mo to ayò bó ṣe wà lọ́jọ́ Ẹtì, mo sún ilé-ìṣọ́ náà bí Matthew ṣe kọ ọ́. Kì í ṣe ẹṣin. Kò rí ẹṣin rárá. Mo ta ti Oyè lẹ́ẹ̀kan, mo ta á lẹ́ẹ̀kejì, ọba Matthew kò rí ibi sá sí mọ́.

Ká ní Oyè jókòó jẹ́jẹ́ ni, òun ni ì bá gba ife.

"Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà lálẹ́ Ẹtì ni mo rí ẹṣin náà," Matthew ní. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ kékeré lọ. "Wọ́n ti di àpòòwé. Òun ni mo lọ jókòó sóko fún. Ìtìjú ni. Gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ti ń pè mí ní akọni."

Màmá Abọ́sẹ̀dé dìde níbi tó wà, ó rìn gba àárín èrò kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì fọ́ ọ létí. Lẹ́yìn náà ló dì mọ́ ọn. "Torí ayò!" ó ní. "Torí ayò, o jẹ́ kí wọ́n pè mí ní ìyá olè!" Ẹkún tí kò sun láti àárọ̀ wá jáde.

Alàgbà ti fa lẹ́tà rẹ̀ ya sí méjì, ó tún fẹ́ kọ òmíràn, pé kí ọlọ́pàá Adó wá mú Oyè. Matthew ló bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀, pé kò sí ohun tí wọn yóò ṣe fún un tó lè ju èyí tó ti ṣe fún ara rẹ̀ lọ. Oyè kò gbọ́. Ìdí pátákó ló wà, ó ń wo ilé-ìṣọ́ yẹn bí ẹni ń wo ojú òkú.

Bámijókò mú àdá rẹ̀. "Ọdún méjìlélógún ni mo fi wá olè kiri," ó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ò rí èyí tó jí ọ̀la ara rẹ̀ gbé rí."

Lọ́jọ́ kejì ni a wọ lọ́rí padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ ọjà Ìṣẹ̀, àwọn obìnrin kún ojú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí, ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín wọn, ó juwọ́ sí wa. Olósùnta wọ ẹ̀yìn wa. Ibẹ̀ ni Oyè ti yíjú sí mi.

"Pius, bi ara rẹ léèrè kó o dá mi lóhùn. Lálẹ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí mò ń ròyìn ọjà yẹn, ìwọ ọmọ Ìkẹ́rẹ́, o jókòó níwájú mi, ò ń rẹ́rìn-ín. Ṣé o mọ̀ pé irọ́ ni, tí o fẹ́ gbà mí là ni?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ì bá tù ú nínú.

"Rárá," mo ní. "Mo ti gbàgbé bí a ṣe ń kà á ni."

Ẹ̀rù ara mi bà mí. Ọdún mẹ́jọ péré ni mo tíì lò níta nígbà náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Kò sí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún níbi tí mo ń gbé, kò sì sí ẹni tí yóò bi mí. Síbẹ̀, ní àràárọ̀, kí n tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, mo máa ń ká ìka mi lábẹ́ aṣọ, mo sì ń fi ọjọ́ tí mo bá dúró lé bẹ̀rẹ̀.